Òbí Tí Ń Ra Ìdánwò Fún Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ni a máa ń di ẹrù rẹ̀ lé lórí. Nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé ọwọ́ tẹ ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ohun tí ń jáde lẹ́nu wa ni pé, "Áà, àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí!" A ó pòṣé, a ó mi orí, a ó sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ ọdún 16 tí kò ní owó ọkọ̀ láti Ògèrè dé Ṣàgámù àfi èyí tí a bá fi lé e lọ́wọ́, níbo ni ó ti rí owó gọbọi tí a san fún ẹni tí yóò bá a jókòó ìdánwò? Ẹnìkan ni ó fún un. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ń gba epo sílẹ̀ yìí ni a fẹ́ bá wí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ fi ayé àtijọ́ yangàn. Àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa sọ fún wa pé ní ọdún 1914 ni ìbéèrè ìdánwò Cambridge ti kọ́kọ́ tú síta kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀wé ní Nàìjíríà kò tíì pọ̀ rárá. Ní 1977 ìdánwò WAEC tú síta káàkiri, débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Sogbetun kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "ẹ́spò" sì di ti ẹnu gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ìwà yìí kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ kan. Ìbéèrè tí ó bá tú síta, ọmọ tálákà lè rí i bí ọmọ olówó ti rí i. Ẹni tí ó sì fi ìwé pamọ́ sábẹ́ aṣọ tí ó ń yọjú wò ó, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wò ó, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rù sì ń bà. Èyí tí ó gbòde lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ìdánwò ni a ń rà, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú tábìlì, pẹ̀lú olùṣọ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ. Ọmọ kò tilẹ̀ ní láti bẹ̀rù mọ́, nítorí a ti san owó ẹ̀rù rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí, fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ọmọ yóò kàwé fún ọdún márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá kan ní ìlú ńlá. Nígbà tí ó bá ku ọdún ìkẹyìn, bàbá rẹ̀ yóò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, yóò sì lọ kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìgbèríko, níbi tí òrùlé ti ń jò, tí a kò sì ní ìgò kan ṣoṣo tí a lè fi kọ́ ọmọ ní kẹ́místrì. Ta ni ń mú ọmọ kúrò nínú rere lọ sínú búburú, bí kò ṣe pé ó ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀? Owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó fọ́ọ̀mù WAEC lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti fún olùṣọ́ ìdánwò ní tirẹ̀, tí olùkọ́ yóò fi kọ ìdáhùn sójú pátákó, tàbí kí a wá ẹlòmíràn tí ó mọ̀wé kí ó jókòó ní ipò ọmọ náà. "Mírákù sẹ́ńtà" ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀, èyí ni pé, ilé iṣẹ́ ìyanu. Orúkọ yìí ń dun àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù. A tilẹ̀ ti rí i tí a gbé kálámù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi pé kí a gbàdúrà sí i, nígbà tí a ti san owó ìyanu náà ní ọjọ́ Ẹtì.

WAEC kò ká ọwọ́ gbera. Ní 2025 wọ́n da ìbéèrè rú nínú iṣẹ́ mẹ́rin, tí ó fi jẹ́ pé ìwé ẹni tí ó jókòó ní ọ̀tún kò bá ti ẹni tí ó jókòó ní òsì mu. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni nǹkan ti dàrú: wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ìpín 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, wọ́n sì padà wá sọ pé 62.96 ni. A kò ní bá wọn wí jù; ẹni tí ń lé olè lóru lè kọsẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó di ti JAMB. Kọ̀ǹpútà ni a ń fi ṣe ìdánwò yẹn nísinsìnyí, a sì ti rò pé ẹ̀rọ kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ lórí ìdánwò ọdún 2025 jábọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé àwọn rí ọ̀ràn 4,251 níbi tí a ti da ìtẹ̀ka ẹnìkan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, kí ènìyàn méjì lè máa jẹ́ ẹnìkan. Wọ́n rí 190 tí a fi ẹ̀rọ da àwòrán ojú wọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n sì rí 1,878 tí wọ́n pe ara wọn ní àfín nígbà tí wọn kì í ṣe àfín. Ẹ wo irọ́ tí ènìyàn lè pa mọ́ awọ ara rẹ̀! Ẹni tí ó mọ bí a ti ń da ìtẹ̀ka pọ̀ kì í ṣe ọmọ ọdún 16. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni, owó àgbà ni a sì fi ń san án.

Nígbà tí ọmọ náà bá wá wọ yunifásítì, ọ̀nà kò tíì pin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe èyí tí ó kù: "sọ́tìn." A ó fi owó ránṣẹ́ sí olùkọ́ tí kò ní ìjánu, máàkì yóò sì hù níbi tí a kò gbin nǹkan kan sí, ní ọdún ìkẹyìn, ẹlòmíràn ni yóò kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ fún un. Kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a gbé kọjá odò kìíní kò kọ́ ìwẹ̀ lílú. Bí a bá dé odò kejì, a tún ní láti gbé e.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èyí, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé a kò mú nǹkan ẹnikẹ́ni. Bàbá kan fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan fún ọmọ ara rẹ̀. Ta ni ó jà lólè? Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn náà wá sí Ògèrè wa níhìn-ín. Gbogbo ẹni tí ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni ó mọ ìlú wa, nítorí àwọn ọkọ̀ tírélà tí ń dúró síbẹ̀. Lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àwọn ìyá ń dín àkàrà láti ìdájí, tí wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ká sọ pé ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé àlòkù ni ó fi kàwé. Ó jókòó ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀. Ó sì gba 236. Ẹ̀ka tí ó ń fẹ́ ní ààyè fún 100 ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo bí a ti ń pín ààyè yìí. Lẹ́yìn tí a bá ti ka ti agbègbè àti àwọn ètò mìíràn sí, a kì í sọ pé ẹni tí ó gba 236 yẹ tàbí kò yẹ. Orúkọ ni a ń tò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ibi tí ààyè bá sì ti tán ni a ó fa ìlà sí. Bí 30 nínú àwọn tí ó wà lókè bá jẹ́ ẹni tí a ra máàkì fún, ààyè yóò tán lórí 245. Láìsí wọn, ìlà náà ìbá sọ̀ kalẹ̀ kọjá 236, ọmọ ìyá aláàkàrà ìbá sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó bá rí i lójú fóònù pé òun kò wọlé, kò sí ẹni tí yóò wá sọ fún un pé a jà á lólè. Òun fúnra rẹ̀ yóò gbà pé orí òun ni kò pé tó. Ìyá rẹ̀ yóò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó burú jù lójú wa nínú gbogbo ọ̀ràn náà. Ẹni tí a jí ewúrẹ́ rẹ̀ yóò bá okùn òfìfo nídìí igi, yóò sì ké gbàjarè. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jí ààyè rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní ohun tí ó sọnù. Bí a bá sì wá ń ṣe àríyá fún ọmọ tí ó wọlé, tí a na àgọ́, tí a pe onílù, ó ṣeé ṣe kí a rán ẹnìkan lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà pé kí ìyá aláàkàrà náà wá bá wa dín àkàrà fún àlejò.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. "Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é. Bí èmi kò bá ṣe é, ọmọ tèmi ni yóò gbẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òfo, ẹni tí ó bá fi í rẹ́rìn-ín kò tíì ní ọmọ tí ó jókòó JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ààyè kò tó. Ní 2025 àwọn tí ó jókòó ìdánwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, àwọn yunifásítì wa kò sì gba ìdajì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ń sọ ọ́. Bàbá tí ó lè san owó mírákù sẹ́ńtà lè san owó olùkọ́ tí yóò máa wá kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Ó lè jẹ́ kí ọmọ náà tún ìdánwò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀, kí ó sì máa bọ́ ọ títí ọdún yóò fi yí. Ó lè ra ìwé tuntun fún un. Ọ̀nà pọ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí kò mọ́ ni ó yàn. Ẹni tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ ni ìyá aláàkàrà, ọ̀nà kan náà ni a sì dí mọ́ ọn. (A kò ní sọ ti dókítà tí kò mọ abẹ́rẹ́ àti ti afárá tí yóò wó, ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó.)

Bí ó bá sì jẹ́ àìní ni ó ń fa ìwà yìí, ilẹ̀ tí ọrọ̀ pọ̀ sí ìbá má mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwọn òbí olówó kan lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Singer, ẹni tí ó ti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́wọ́ àwọn òbí láàrin 2011 sí 2018. Òṣèré kan, Felicity Huffman, san 15,000 dọ́là kí a lè bá ọmọ rẹ̀ tún ìdáhùn ìdánwò ṣe. Òṣèré mìíràn, Lori Loughlin, àti ọkọ rẹ̀ san 500,000 dọ́là kí yunifásítì kan ní California lè gba àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì bí ẹni pé wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi wà fún ìdíje. Àwọn ọmọ náà kò sì wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ẹjọ́ rán Huffman lẹ́wọ̀n ọjọ́ 14, ó rán Loughlin lẹ́wọ̀n oṣù méjì, Singer fúnra rẹ̀ sì gba ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ní oṣù Kìíní 2023. Àwọn wọ̀nyí lè fi owó tí wọ́n ná gba olùkọ́ tí yóò máa sùn sí ilé wọn. Bákan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rọ́wọ́ họrí ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gboyè tí kò ríṣẹ́ ní Kẹ́ńyà pé kí wọ́n bá wọn kọ iṣẹ́ yunifásítì wọn, títí ilẹ̀ England fi ṣòfin ní 2022 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀wé ń jókòó ní Nairobi pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀ tí ó ti gbó. Ẹni tí kò kọ ìlà kan ni ó wọ aṣọ oyè.

Nílé wa níbí, ìjọba ológun ṣe òfin ní 1984, èyí tí a ń pè ní Decree 20, pé ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Òfin ti 1999 ti dín in kù gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ rántí iye náà. Ní 1999 yìí kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Salisu Buhari di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Abuja. Ó ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ó sì bu ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn tú àṣírí náà, tí Toronto sì sọ pé àwọn kò gbà á rí, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Keje. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì fún un láyè láti san 2,000 náírà dípò ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba dárí jì í. Ní 2013, ìjọba mìíràn yàn án sí ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, kí ó lè máa bá wọn tọ́jú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi 2,000 náírà wé ọdún 21, kí ẹ sì sọ fún wa ẹni tí a kọ òfin àkọ́kọ́ yẹn fún.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Kútọnu. Ní òpin oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn kan, Umar Audu ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian, sọ bí òun ti gba ìwé-ẹ̀rí oyè ọlọ́dún mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ ESGT ní ìlú náà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láì jókòó nínú kíláàsì kankan. Ó fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2024 ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé àwọn tí wọ́n ní ayédèrú ìwé láti orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí lé ní 22,700. Ìròyìn náà pariwo lórí àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọkàn wa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò sí nínú iye náà. Ọmọ Yorùbá ń bẹ tí ó sọdá Ṣẹ̀mẹ̀, tí ó gbé ní ilẹ̀ àjèjì fún ọdún mẹ́rin, tí ó jókòó ní kíláàsì, tí ó sì ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀. Ìwé òun náà ni a dá dúró. Bí ó bá gbé e dé ọ́fíìsì tí ó ti ń wá iṣẹ́, wọn yóò wo orúkọ ìlú tí ó wà lórí rẹ̀, wọn yóò sì wo ara wọn lójú. Ẹni tí ó ra ìwé kò ra tirẹ̀ nìkan. Ó ti sọ ti ẹlòmíràn di ọ̀pọ̀.

Kì í sì í ṣe pé ènìyàn kò lè gba oyè òkèèrè láì kúrò nílé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí wa yìí, gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944, kí ó tó di pé ó lọ sí London kọ́ ìmọ̀ òfin. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe àgbẹ̀, ti kú ní 1920 nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún 11. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra irè oko tà, ó sì ti pé ẹni ọdún 35 kí oyè náà tó dé. Àwọn tí ń yẹ ìwé rẹ̀ wò ní London kò mọ Ìkẹ́nnẹ́ yàtọ̀ sí Ìpẹru.

Ẹ ó bi wá pé kí ni kí òbí ṣe. Bí ọmọ bá kùnà, ẹ jẹ́ kí ó kùnà, kí ó sì tún un ṣe. Ọdún kan kì í ṣe òpin ayé, pólì ń bẹ, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń bẹ, iṣẹ́ ọwọ́ sì ń bẹ. Ìyẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí ó ti gba ìgboyà ni ìpàdé òbí ọdún ìkẹyìn, nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá dìde láti kéde iye tí olúkúlùkù yóò san fún ìdánwò. WAEC àti NECO máa ń kéde owó fọ́ọ̀mù wọn fún gbogbo ayé lọ́dọọdún. Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí iye tí ọ̀gá bá pè bá lé sí i, ẹ bèèrè ohun tí ìyókù wà fún. Wọn lè sọ pé owó ètò ni, tàbí owó ìtọ́jú àlejò. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn ní kí ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kí ó kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi owó náà ṣe àti orúkọ àlejò tí a fẹ́ tọ́jú, kí ó fi ọwọ́ sí i, kí ó sì lu òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lé e. Ẹ mú kálámù tiyín dání, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó sọ pé tòun kò yọ yíǹkì mọ́.